Ẹ Bá Mi Bẹ Àna Mi Lórí Ọ̀rọ̀ Ìbọn

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́. Ìyàwó mi kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo mú ẹjọ́ rẹ̀ wá bá yín.

Kò sí ibi tí èmi àti ọkùnrin yìí ti pàdé, ìbáà jẹ́ níbi ìkómọ, ìbáà jẹ́ níbi òkú, tí kì í dá ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì jà láyé àtijọ́, sílẹ̀ láàárín wa. Á jẹ iyán tirẹ̀ tán, á nu ẹnu, á wá ní, "Àna wa, ṣé ẹ rántí pé ṣakabùlà lẹ̀yin ará Ìbàdàn gbé wá bá wa lójú ogun? Ráífù làwa gbé. Ọjọ́ tí ráífù dé ni ṣakabùlà kú." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó tèmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ a jọ ń padà sílé kan náà ni.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ ọ́, mo mọ èsì tí n óò fún un. Ṣùgbọ́n àna ni. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi lọ́mọ, ẹnu wo ni n óò fi sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí n ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bí yín nínú, sà. Bí ẹ bá lè fún mi láyè díẹ̀, ó dà bí ẹni pé..." Kí n tó dé "ó dà bí ẹni pé" yẹn, ó ti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì gba ẹ̀gbẹ́ òtítọ́ kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ráífù ayé àtijọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣakabùlà: ó mọ ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kì í tán, èkejì ti dún lẹ́ẹ̀mẹta.

Níwọ̀n bí wọn kò ti jẹ́ kí n sọ ọ́ tán nílé àna, n óò sọ ọ́ tán níhìn-ín.

Inú ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà jọ̀lọ̀ láti ìdí dé ẹnu, kò ní ilà kankan. Ti ráífù kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ilà sínú tirẹ̀, ilà tó ń lọ́ yípo, débi pé bí ọta bá ti ń jáde bọ̀, ilà náà á dì í mú, á sì mú kí ó máa yí. Ọta tó bá ń yí kì í ṣáko bọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá fojú rẹ̀ sùn ló ń gbà. Gbogbo àṣírí ráífù kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1500 ni àwọn tó ń rọ ìbọn nílẹ̀ Jámánì ti mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: 1500. Àwọn ọdẹ wọn ń fi í pa ẹran nínú igbó, ó sì ń ba ẹran. Síbẹ̀, fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, ìbọn aláìnílà ni àwọn ọba Yúróòpù ṣì ń kó lé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun wọn lọ́wọ́. Ṣé wọn kò rí ráífù ni? Àbí orí wọn kò pé? Mo bi àna mi ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n bá òun na abọ́ ẹran wá.

Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú kíkì, kò sí nínú yíyìn. Ẹ mú ìbọn aláìnílà àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Brown Bess. Láti nǹkan bí ọdún 1722 ni wọ́n ti ń gbé e káàkiri ayé, wọ́n sì gbé e fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ihò ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní 0.75 íǹṣì, ọta tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 0.69 lọ. Ọta náà kò kún ihò, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ọdẹ ni baba mi, èmi ni mo sì máa ń gbé àpò ẹ̀tù tẹ̀ lé e nígbà tí mo wà ní kékeré, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ̀tù dúdú ń ṣe sínú ọ̀pá ìbọn. Bí a bá yìn ín bíi mélòó kan, ìdọ̀tí á bò ó nínú, á le koko mọ́ ọn lára. Ọta tó bá kún ihò kò ní gbà á kọjá mọ́. Ọta tó kéré á ṣì yọ̀ wọlé tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn.

Sójà tó ń lo Brown Bess á fi eyín já bébà tí wọ́n fi di ẹ̀tù àti ọta pọ̀. Á da díẹ̀ nínú ẹ̀tù náà sí ojú ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ìṣáná rẹ̀, á da ìyókù sí ẹnu ìbọn, á ju ọta àti bébà tẹ̀ lé e, á fi irin gún un wọlẹ̀, ó tán. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ṣe á yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo gbà pé ọta yẹn kò mọ̀nà. Bí ó ti ń bọ̀ nínú ọ̀pá ni yóò máa kọ lu ọ̀tún, tí yóò máa kọ lu òsì, ibi tó bá kọ lù kẹ́yìn kó tó jáde ló sì máa sọ ibi tí yóò gbà. Ará Gẹ̀ẹ́sì kan, George Hanger, tí òun fúnra rẹ̀ jagun ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lọ́dún 1814 pé bí ìbọn náà kò bá burú, ó lè ba ènìyàn ní yáàdì 80, bóyá 100 pàápàá, ṣùgbọ́n ní yáàdì 200, asán ni. Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n bá ń yìn ún sí láti ibẹ̀ lè jókòó mu ẹ̀kọ rẹ̀.

Ibi tí àna mi máa ń pa ariwo lé lórí nìyẹn. "Ẹ ti gbọ́! Ìbọn tí kò ba ènìyàn!" Ẹ ní sùúrù, sà. Ta ló sọ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń yìn ún sí? Àwọn ọmọ ogun ìgbà náà ń tò gbọọrọ ni, èjìká kan èjìká, àwọn ọ̀tá náà á sì tò gbọọrọ síwájú wọn ní nǹkan bí yáàdì 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìlà ènìyàn ni wọ́n ń yìn ún sí. Bí wọ́n bá ti yin àkọ́kọ́, èéfín á bo gbogbo pápá, ẹnikẹ́ni kò ní rí imú ara rẹ̀. Kí wá ni oníráífù fẹ́ fojú sùn nínú èéfín? Ẹni tó bá yára kì, tó tún yára yìn, tó sì ní ọ̀bẹ gígùn lẹ́nu ìbọn fún ìgbà tí wọ́n bá kọjú sí ara wọn, òun ló ń borí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká mú ráífù. Lọ́dún 1800 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba èyí tí Ezekiel Baker rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilà méje ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan tó ń wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, nígbà tí àwọn yòókù ń wọ pupa. Kí ilà lè di ọta mú, ọta gbọ́dọ̀ há. Kí ó lè há, wọ́n ń fi awọ tí wọ́n pa lọ́ràá wé e. Ó há tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ́kọ́ pín òòlù onígi kéékèèké fún àwọn sójà náà kí wọ́n máa fi lù ú wọlé. Òòlù, ẹ̀yin ènìyàn mi! Àwọn Faransé ń bọ̀ lórí ẹṣin, wọ́n ti fa idà yọ, ìwọ dúró gbágbáágbá, ò ń wá òòlù. Wọ́n pa òòlù tì nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì bí ọwọ́ bá yá, ni ráífù Baker ń dún. Bí ìdọ̀tí ẹ̀tù bá sì ti kún àárín ilà rẹ̀, ó tún di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀. Mi ò purọ́ mọ́ ọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1809, ní Cacabelos nílẹ̀ Sípéènì, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Thomas Plunkett fi ráífù yìí yìnbọn pa ọ̀gágun Faransé kan, Colbert, láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó ń dá rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó, tó ń ṣọ́ ọ̀gágun ọ̀tá, ráífù ni kó gbé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ̀rún sójà Gẹ̀ẹ́sì tó tò sórí pápá ńkọ́? Brown Bess náà ló ṣì wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn títí ogun Napoleon fi parí lọ́dún 1815.

Napoleon alára, ọba àwọn Faransé, ẹ kò lè sọ pé ọmọ Ìbàdàn ni, ẹ kò sì lè sọ pé ó ń gbèjà mi. Lọ́dún 1807, ó ní kí wọ́n gba ráífù kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun. Ó ti wo àkókò tí kíkì rẹ̀ ń gbà, ó ti wo owó rẹ̀ àti ìkọ́ni tí ó ń fẹ́, ó ní òun kò ṣe.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń fi ráífù yangàn jù láyé, ìtàn tiwọn náà kò sì gbe àna mi. Ráífù gígùn tí wọ́n fi bá Gẹ̀ẹ́sì jà gba òmìnira kò ní ọ̀bẹ lẹ́nu. Ẹni tó bá yìn ín tán tí ọ̀tá sì sáré dé kí ó tó kì í padà, igi lásán ló mú lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn ọmọ ogun Henry Dearborn, tí wọ́n ní ọ̀bẹ lẹ́nu ìbọn, máa tẹ̀ lé àwọn oníráífù Daniel Morgan ní Saratoga lọ́dún 1777. Lọ́dún yẹn kan náà ni Peter Muhlenberg, tí òun náà ń darí ọmọ ogun Amẹ́ríkà, bẹ Washington, olórí ogun wọn, pé kí wọ́n gba ráífù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òun, kí wọ́n fún wọn ní ìbọn aláìnílà. Ó ní ráífù lọ́wọ́, ó ń tọrọ ṣakabùlà! Mo fẹ́ kí àna mi bá mi jẹ iyán pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni yìí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká mi lára jù nínú gbogbo wọn ni Patrick Ferguson, ará Scotland. Lọ́dún 1776, ó gbé ráífù kan wá síwájú àwọn àgbààgbà ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Woolwich, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí dípò ẹnu. Òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ó ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì ń ba ibi tó fojú sùn ní yáàdì 200. Ẹ wo ohun tí ayé ti ń wá láti 1500! Ìjọba rọ nǹkan bí 100 péré. Ó gbówó lórí, ó ṣòroó rọ, igi rẹ̀ sì ń là. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọta fọ́ ìgunpá Ferguson ní Brandywine nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n tú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ká, ìbọn náà sì wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1780, ní Kings Mountain, àwọn ará oko Amẹ́ríkà fi ráífù yìnbọn pa á. Ìbọn aláìnílà ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí àna mi bá gbọ́ ìyẹn, ijó ni yóò jó. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí àwọn ọmọ ogun Ferguson bá fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn lé àwọn oníráífù yẹn, wọ́n ń sá sọ̀ kalẹ̀ òkè ni. Igi àti àpáta ni wọ́n ń sá pamọ́ sí kí wọ́n tó rí àyè ki ìbọn wọn padà. Ẹ yọ igi kúrò níbẹ̀, kí ẹ wò ó.

Ìgbà wo wá ni ráífù borí? Ìgbà tí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ kíkì rẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1849, ọ̀gá ológun Faransé kan, Claude-Étienne Minié, ṣe ọta kan tí ìdí rẹ̀ ṣófo. Ó kéré ju ihò ìbọn lọ, nítorí náà ó ń yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́ gẹ́gẹ́ bíi ti Brown Bess. Bí ẹ̀tù bá ti gbiná lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ á fẹ̀, á sì há mọ́ ilà. Ó tán. Kò sí òòlù, kò sí awọ. Ilà tí wọ́n ti ń gé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò yí padà; ọta ló yí padà. Lọ́dún 1853, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ráífù Enfield tó ń lo irú ọta bẹ́ẹ̀, ìbọn aláìnílà sì bẹ̀rẹ̀ sí í re ilé àgbà. Kódà ìyẹn náà mú ìjàngbọ̀n tirẹ̀ wá: ní Íńdíà, lọ́dún 1857, àwọn ọmọ ogun gbọ́ pé ọ̀rá màlúù àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n ní kí wọ́n máa fi eyín já. Àwọn Híńdù kò fẹ́ ọ̀kan, àwọn Mùsùlùmí kò fẹ́ èkejì, ọ̀tẹ̀ sì bẹ́ sílẹ̀ jákèjádò àríwá ilẹ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Snider, ráífù tí àna mi fi ń dẹ́rù bà mí, dé. Ará Amẹ́ríkà ni Jacob Snider. Òun ló fi ilẹ̀kùn kékeré sí ìdí Enfield, kí wọ́n máa ti ibẹ̀ kì í, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lọ́dún 1866. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ń yìn ín lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Lọ́dún yẹn kan náà ni Snider kú, tí òun àti ìjọba ṣì ń fa ọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin mọ bí ó ṣe ń rí.

Ní báyìí mo lè sọ ti Kírìjì láìfi ojúsàájú sí i. Lóòótọ́ ni pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó fi Snider ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn, ó gba ọ̀nà Oǹdó wọlé, ó sì bá Ìbàdàn ní orí òkè láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé níbi tí ṣakabùlà wà lọ́wọ́ àwọn baba wa. Lóòótọ́ ni pé ó dùn wọ́n. Ìró ìbọn tó ń dún láàárín òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n ní ó sọ ogun náà lórúkọ. Mo gbà. Nínú àwọn ọ̀gágun wọn, Fábùnmi Òkèmẹ̀sí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, Ògèdèǹgbé Iléṣà kì í ṣe ọmọdé. Ohun tí mi ò gbà ni pé ilà inú ìbọn ló ṣe é. Ìdí ìbọn ló ṣe é! Bí àwọn ará Èkó bá fi ráífù Baker ránṣẹ́ ni, pẹ̀lú òòlù rẹ̀, èmi ni ǹ bá máa pa àna mi lẹ́rìn-ín lónìí.

Ẹ sì tún wò ó. Ọta Snider, inú ìkarahun idẹ ni wọ́n dì í sí. Láti Èkó ló gbọ́dọ̀ ti wá, ọ̀nà sì jìn. Ṣakabùlà kì í yan oúnjẹ. Ẹ fún un ní òkúta, ẹ fún un ní àfọ́kù irin, á gbé e jáde. Bó bá bàjẹ́, alágbẹ̀dẹ ẹ̀yìnkùlé á tún un ṣe. Ìbàdàn náà sì wá Snider tirẹ̀ rà nígbà tó yá. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun lọ́dún 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ọdún 1877 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bí ṣakabùlà bá kú lọ́jọ́ tí ráífù dé, kí ni gbogbo wọn ń ṣe lórí òkè yẹn fún ọdún mẹ́rìndínlógún? Ṣé wọ́n ń jẹ ọsàn ni?

Mo kó gbogbo àlàyé yìí lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pé kí ó bá mi sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tún un sọ fún un kí ó lè mọ́ ọn lórí. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ó ní ẹ má bínú."

Àwọn tó tún wá dá kún ìyà mi ni ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù ogun àtijọ́, torí pé ẹ̀yin ni àna mi ń pè ní ẹlẹ́rìí. Akọni yín á dúró lórí àpáta, á gbé ṣakabùlà, á yìn ín, ẹnì kan á ṣubú lórí òkè kejì. Á tún yìn ín lójú ẹsẹ̀. Á tún yìn ín. Kò ki ẹ̀tù, kò gún un, èéfín kò rú, òjò ń rọ̀ sí i lórí, ìbọn sì ń dún. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín ní orúkọ gbogbo ọdẹ. Bí ó bá ti yin ìbọn kan, ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó kì í padà. Ẹ fún un ní ọmọ kékeré tó máa gbé ẹ̀tù fún un. Ẹ jẹ́ kí èéfín rú débi pé a kò ní rí ojú rẹ̀ mọ́. Bí òjò bá ń rọ̀, àdá ni kẹ́ ẹ fún un. Bó bá sì jẹ́ Snider ló gbé, ẹ fi ẹni tó ru ọta rẹ̀ láti Èkó hàn wá. Ṣakabùlà kì í sábà dún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò pàápàá.